Ọjọ́ Tí Mùnírù Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Àbúrò Rẹ̀

Mùnírù kọ́kọ́ ní kí n má dárúkọ òun. Nígbà tó tún un rò, ó ní kí n dárúkọ òun, pé gbogbo Ọ̀wọ̀ ló kúkú ti mọ̀, ta lòun tún ń fara pamọ́ fún? Mo sọ fún un pé tí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní bá a bo ibì kankan mọ́lẹ̀ o. Ó ní ìdí tóun fi wá bá mi nìyẹn.

Ohùn Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi bá ara wọn sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kà yìí. Èmi ni mo tún un kọ bí ará ibòmíràn á ṣe gbọ́ ọ, kí ẹnì kan má baà ní n kò kọ Yorùbá.

Mẹkáníìkì ni Mùnírù. Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí kì í tún ọkọ̀ mìíràn ṣe àyàfi èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ń rá wọ abẹ́ àwọn ọkọ̀ ńláńlá wọ̀nyẹn. Nígbà tó parí, tó padà wálé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀bá ọ̀nà Ìkàrẹ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Mùnírù Amẹ́ríkà. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn débi pé tí ẹ bá pè é ní Mùnírù lásán, ó lè má dáhùn.

Hàmídù ni àbúrò rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wọn, orí ẹní kan náà ni wọ́n sì jọ sùn títí wọ́n fi dàgbà. Hàmídù ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Iṣu ló ń kó láti Imeri wá sí Ọ̀wọ̀. Lọ́dún 1977, ó ra ọkọ̀ Jàpáàn funfun kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tó lè kó èrò, tó sì lè kó iṣu. Kó tó gbé e délé, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e lọ.

Mùnírù yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tẹ́tí.

“Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún,” ló wí fún àwọn tó wà níbẹ̀. “Páànù mílíìkì ni wọ́n tẹ́ tí wọ́n fi ṣe é.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

“Òjò méjì,” ló tún wí. “Tí nǹkan yìí bá lo òjò méjì lọ́nà Imeri, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní mẹkáníìkì mọ́.”

Hàmídù náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi ṣàdúà sí i.”

Òjò kìn-ín-ní rọ̀, ọkọ̀ náà lọ. Èkejì rọ̀, ó lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Imeri, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ máa ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Hàmídù á kó iṣu kún ọkọ̀ náà títí ìdí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, yóò sì dé ọjà kí oòrùn tó mú. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń yí kọ́kọ́rọ́. Ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì, ó ń pààrọ̀ táyà, ó tán. Odidi ọdún mẹ́ta, ọkọ̀ náà ò wọ ṣọ́ọ̀bù Mùnírù, nítorí kò sí ohun tó ń ṣe é.

Ohun tó ń bí Mùnírù nínú jù nìyẹn.

Kì í ṣe Hàmídù nìkan náà ni. Àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn oníṣòwò ìgboro, gbogbo wọn ti ń ra ọkọ̀ Jàpáàn. Ṣọ́ọ̀bù wá dá páropáro. Ọ̀gbẹ́ni Christopher, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé ọkọ̀ Amẹ́ríkà rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Mùnírù, wọlé wá lọ́jọ́ kan, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

“Rà á lọ́wọ́ mi, Mùnírù. Ìwọ lo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti sú èmi. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ń sùn ju ọ̀dọ̀ mi lọ.”

Mùnírù rà á. Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́, ọkọ̀ náà lẹ́wà. Aláwọ̀ ewé ni, ó gùn, ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bí ìjókòó pálọ̀. Tó bá gbé e lọ sí mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, àwọn èèyàn á yà fún un. Ṣùgbọ́n ó ń mu epo, ó ń mu omi, ọjọ́ tó bá sì wù ú ló ń jí. Wọ́n á bá Mùnírù lójú títì tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n á ní, “Mùnírù Amẹ́ríkà, kí ló dé?” Á ní ọkọ̀ ń sinmi. Wọ́n á ní ṣebí ó sinmi lánàá. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń gbóná.

Ìyá wọn, Sàlímọ́tù, ti ń ta ata àti iyọ̀ lọ́jà láti ìgbà ọmọge wọn. Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá ń fẹ́ láyé: kí wọ́n fojú kan Mẹ́kà kí wọ́n tó kú. Ogún ọdún ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Lọ́dún 1980, orúkọ Ìyá jáde nínú ti àwọn tó máa lọ. Àwọn ọmọ méjèèjì ló jọ san owó rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ fi ìyẹn yin Mùnírù. Kì í ṣe ahun sí ìyá rẹ̀. Ìwé ìrìnnà ló pẹ́. Ọjọ́ Ajé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, báálù tó kẹ́yìn tí Ìyá lè bá lọ sì ń gbéra ní Ìkẹjà ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Wọ́n ní kí Ìyá ti wà níbẹ̀ ní ago mẹ́ta ọ̀sán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mọ̀lẹ́bí pé jọ láti ṣàdúà fún Ìyá. Mùnírù dìde láàárín wọn.

“Ọkọ̀ mi ló máa gbé Màmá lọ. Èmi ni àkọ́bí.”

Ìyá wò ó. “Mùnírù, ọkọ̀ rẹ dára. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó là ń lọ, tìẹ ni ǹ bá wọ̀. Ṣùgbọ́n Mẹ́kà ni mò ń lọ. Jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ tó máa dé.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àáfà tó wá ṣàdúà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyá ò fi ṣèkà, àwàdà wà lẹ́nu wọn láti ilẹ̀. Mùnírù bá wọn rẹ́rìn-ín, ó jókòó.

Nígbà tó délé, Kúlísúmù ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

“Bàbá Lábísí, ṣé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn náà ni?”

“Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?”

“Màmá ń ṣàwàdà ni.”

“Níwájú gbogbo ẹbí. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́fà kọ́ṣẹ́.”

“Ẹ jẹun, ẹ jàre.”

Kò jẹ ẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Hàmídù gbé ọkọ̀ funfun rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Hàmídù mọ̀ pé inú ẹ̀gbọ́n òun ò dùn, ó sì fẹ́ tù ú nínú. Bí àbúrò tó bá lẹ́kọ̀ọ́ nílé wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò fẹ́ gbé Màmá lọ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án.”

“Fi sílẹ̀ níbẹ̀,” ni Mùnírù wí. “Lọ wá nǹkan tí o máa ṣe. Padà wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́.”

Hàmídù lọ. Mùnírù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wo inú ọkọ̀ náà dáadáa nìyẹn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ó ní òun wá àbùkù nínú rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọ nù. Ó fọwọ́ mì í síhìn-ín, ó fọwọ́ mì í sọ́hùn-ún. Gbogbo rẹ̀ gbẹ, gbogbo rẹ̀ le. Ọkọ̀ tó ti kó iṣu Imeri láìmọye ìgbà, ọ́ìlì ò jò níbì kankan.

Bó bá rí ẹyọ àbùkù kan ṣoṣo lọ́jọ́ yẹn, ó ní òun ì bá tún un ṣe, òun ì bá fi yangàn, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Kò rí i. Ọwọ́ rẹ̀ bá lọ síbi rọ́bà tó ń gbé omi wọ ẹ́ńjìnnì, níbi tí kílíìpù irin ti dì í mú nísàlẹ̀. Ó mú ohun èlò, ó dẹ kílíìpù náà. Kò tú u tán o. Ó dẹ̀ ẹ́ níwọ̀n tí omi á fi máa kán tótó tí ọkọ̀ bá ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń rò fún yín, nítorí ó bẹ̀ mí pé kí n sọ ọ́. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara pa. Ó ti ṣírò rẹ̀: ọkọ̀ á gbóná, á sì dúró, tó bá pẹ́ tán ní Ùsò, níbi tí kò jìnnà rárá. Òun á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Òun á ní, “Màmá, ẹ bọ́ síbí,” òun á sì gbé wọn dé Ìkẹjà. Wọ́n á padà wálé sọ ọ́. Ẹ̀rín ọjọ́ Ìṣẹ́gun á yí padà.

“Ṣé ẹ mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn?” ló bi mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, gbogbo àdúgbò jáde. Ìyá wọ aṣọ funfun láti òkè délẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà ń pè wọ́n ní Àlàájà kí wọ́n tó gbéra rárá, Ìyá sì ń bá wọn wí pé ó di ìgbà tí àwọn bá dé. Wọ́n jókòó sí iwájú ọkọ̀ Hàmídù. Mùnírù ní òun á sìn wọ́n dé Àkúrẹ́.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi,” ni Ìyá wí fún un láti ojú fèrèsé. “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń mú mi lọ.”

Wọ́n gbéra. Òjò wínníwínní ń sẹ̀. Hàmídù wà níwájú, Mùnírù wà lẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkọ̀ funfun yẹn. Wọ́n kọjá Ẹ̀mùrẹ̀. Wọ́n ń wọ Ùsò.

Ní àbáwọlé Ùsò, èéfín bú jáde. Lára ọkọ̀ Mùnírù ni.

Ẹ má dá ọkọ̀ náà lẹ́bi. Ọkọ̀ tó ń mu omi bí ẹni ààwẹ̀ tó ṣínu, tí ẹni tó ni ín sì fi odidi ọ̀sán ṣe ti ẹlòmíràn, tó gbàgbé láti wo tirẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ó hó, ó tutọ́, ó dákẹ́. Mùnírù bọ́ sílẹ̀. Ó rí ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń gun òkè níwájú, ó ń lọ geerege. Hàmídù ò mọ̀ pé kò sí lẹ́yìn òun mọ́.

Ó da omi sí i, kò jí. Ó tún un dà, kò jí. Ó wá ń dá àwọn ọkọ̀ tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ dúró.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí ọkọ̀ funfun kan tó dúró lọ́nà?”

“A ò rí ọkọ̀ kankan tó dúró.”

Ó bi awakọ̀ márùn-ún. Ohun kan náà ni wọ́n sọ. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà á gidi. Ọkọ̀ tó yẹ kó ti kú ló ń lọ yẹn, omi sì ń kán lára rẹ̀, ìyá rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sórí kòríko ẹ̀bá títì, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ̀ Jàpáàn má bà jẹ́. Ó ní òun ò tíì ṣe irú àdúà yẹn rí láyé òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ akẹ́rù kan já Ìyá àti Hàmídù sílẹ̀ lójú títì ní Ọ̀wọ̀. Aṣọ funfun yẹn ṣì wà lára Ìyá, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ fún ẹrẹ̀. Àwọn obìnrin tó rí wọn láti òkèèrè sáré jáde, nígbà tí wọ́n súnmọ́ wọn, wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tó yẹ kí wọ́n pè wọ́n. Ìyá kọjá láàárín wọn, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Hàmídù ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún Mùnírù, tó ti padà wálé láti Ùsò. Ó yà l'Ákùúrẹ́ láti fún táyà. Ọkùnrin tó ń fún un ní afẹ́fẹ́ ló sọ fún un pé omi ń kán lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, kó ṣí i wò.

“Mo ní rárá,” ni Hàmídù wí. “Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ dé bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn lánàá. Mo ní tí mo bá tún lọ ṣí i, àfi bíi pé mò ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ọkùnrin náà ní ó dáa, pé omi òjò ló máa jẹ́.”

Wọ́n kọjá Oǹdó. Láàárín igbó, lọ́nà Òrè, ẹ́ńjìnnì dún gbì lẹ́ẹ̀kan, ó gan. Ìyá jókòó sórí ẹrù wọn lẹ́bàá ọ̀nà, tẹ̀súbà lọ́wọ́, wákàtí mẹ́ta. Ilẹ̀ ti ṣú kí ọkọ̀ mìíràn tó gbé wọn dé Ìkẹjà. Báálù ti lọ. Wọ́n ní kò sí òmíràn.

Nígbà tó sọ ọ́ tán, Hàmídù dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ ti sọ ọ́ fún mi látọjọ́ yìí pé páànù ni. Mo ṣorí kunkun sí yín. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí.”

Ẹ gbọ́ ohun tí Mùnírù sọ. Ó ní, “Kò burú. Dìde.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ẹnu òun wúwo. Mo ní kó sọ òótọ́. Ó ní ó dáa, pé láàárín ìbànújẹ́ yẹn, ibì kan nínú òun dùn.

Ó sì dùn fún un lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ dé Idasen, dé Isuada: ọkọ̀ Jàpáàn ti já ìyá arúgbó kulẹ̀ lọ́nà Mẹ́kà. Àwọn tó ti ń fi Mùnírù ṣe yẹ̀yẹ́ wá ń ya ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. “Mùnírù Amẹ́ríkà, o wí i.” Ẹnì kan tó fẹ́ ra ọkọ̀ Jàpáàn wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì fún un ní ìmọ̀ràn, ó ní kó má dán an wò. Nígbà tó bá délé, kò ní lè jẹun. Kúlísúmù ò bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ìyá ò lọ ọjà ní gbogbo ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ tí àwọn onímẹ́kà dé, tí wọ́n ń kọrin gba ìgboro kọjá, Ìyá ní kí Kúlísúmù ti fèrèsé.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Mẹkáníìkì tó tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Hàmídù ṣe ní Oǹdó fúnra rẹ̀ wà á dé Ọ̀wọ̀. Ambrose lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin kúkurú, tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá wà lórí ìjókòó lọ́ọ̀dẹ̀, Hàmídù wà níbẹ̀, Mùnírù àti Kúlísúmù wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò márùn-ún sì wá wo ọkọ̀ tó jíǹde.

“Wọ́n ní mẹkáníìkì wà nínú yín,” ni Ambrose wí. Wọ́n nawọ́ sí Mùnírù. “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Inú mi dùn pé mo bá yín. Àwọn ará ìlú yín ń sọ pé ọkọ̀ yìí ò dára, n kò sì lè dákẹ́. Mo ti tú Amẹ́ríkà, mo ti tú Jàpáàn. Ọkọ̀ tí omi ń kán tán nínú rẹ̀ láti Ọ̀wọ̀, tó rìn dé ẹ̀yìn Oǹdó kó tó kú? N kò rí i rí. Òmíràn ì bá ti kú ní Ùsò.”

Mùnírù ò lè gbé ojú sókè.

Ambrose fa kílíìpù kan yọ nínú àpò. “Ẹ wò ó, ọ̀gá. Kò já, kò dógùn-ún. Wọ́n dẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn ìyókù le gbagidi.”

“Ó lè fúnra rẹ̀ dẹ̀,” ni Mùnírù wí.

“Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é mọṣẹ́. Ó dẹ̀ ẹ́ níwọ̀n tí omi fi ń kán tí kò fi dà.” Ó yíjú sí Hàmídù. “Ta ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́yìn?”

“Èmi ni,” ni Hàmídù wí. Ó yá a lẹ́nu jù.

“Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi ní Oǹdó pé ẹ̀gbọ́n yín ló—”

“Mo ní èmi ni. Mo fẹ́ wo omi, mo fọwọ́ kàn án.”

Ambrose wo Hàmídù, ó wo Mùnírù, ó rọra dá kílíìpù padà sí àpò. Ìgbà náà ni Mùnírù mọ̀ pé àbúrò òun ti mọ̀. Hàmídù ò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Mùnírù wà. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ìyá gbé tẹ̀súbà sílẹ̀. “Hàmídù, ìwọ tí o ò mọ ibi tí wọ́n ń gbà ṣí i?”

Ìyá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Mùnírù.”

“Mà.”

“Ṣé ìwọ ni?”

Ó ní irọ́ wà lẹ́nu òun, ó ti dùn lórí ahọ́n. Ó kàn rí ojú ìyá rẹ̀ ni, irọ́ náà ò sì lè jáde mọ́. Ó kúnlẹ̀.

“Mo fẹ́ kó dúró ní Ùsò ni, Màmá. Mo fẹ́ kí ẹ bọ́ sínú tèmi. Kì í ṣe kí ẹ má dé Mẹ́kà.”

“Nítorí pé mo fi ọ́ ṣàwàdà?”

“Nítorí rẹ̀ ni, Màmá.”

Ìyá dìde, wọ́n wọlé. Hàmídù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. “Ọkùnrin yẹn sọ fún mi l'Ákùúrẹ́,” ló ń wí. “Ó sọ fún mi.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Mùnírù fẹ́ fọwọ́ kàn án. Kúlísúmù ló ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, gbogbo ìlú ti gbọ́. Láti ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni ò gbé ọkọ̀ wá fún un mọ́, ti Amẹ́ríkà, ti Jàpáàn. Ta ló máa fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe irú rẹ̀ fún ìyá tó bí i? Èmi náà ò ní fi tèmi sílẹ̀, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá ránṣẹ́ pè é. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí.

“Mo ti dárí jì ọ́. Ọmọ mi ni ọ́, mi ò ní gbé e sínú. Mo ti tún forúkọ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, màá lọ.”

Mùnírù gbà pé ó ti tán. Ó ń kí wọn láràárọ̀, wọ́n ń dá a lóhùn, wọ́n ń ṣàdúà fún un.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Ìyá lọ, Kúlísúmù sáré wá jí i láàárọ̀. Ìyá ti ń bì láti ìdájí, wọ́n ò lè dìde. Hàmídù ti lọ kó iṣu ní Imeri.

Mùnírù bọ́ sínú ọkọ̀ Amẹ́ríkà. Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà, òun àti Kúlísúmù gbé Ìyá jáde. Ìyá rí ọkọ̀ tó wà níwájú wọn, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Ẹ jẹ́ ká dúró de Hàmídù.”

“Màmá, ilé ìwòsàn ò jìnnà. Mo ti yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ ká dúró de Hàmídù.”

Kúlísúmù bẹ̀ wọ́n. Mùnírù ní kí òun lọ pe takisí wá, Ìyá ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, Hàmídù ò ní pẹ́. Mùnírù dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ó bú sẹ́kún. Ìyá fi ọwọ́ kan pa á lórí, wọn ò sì fi férémù yẹn sílẹ̀.

Ó sá bọ́ sínú ọkọ̀, ó kọrí sí Imeri láti lọ pe àbúrò rẹ̀. Ìjókòó ẹ̀yìn ṣófo. Ọkọ̀ náà ò hó, kò wúkọ́, kò dúró níbì kankan. Ó ní òun ń fọwọ́ gbá ìdarí rẹ̀, òun ń bú u, pé ṣé òní ló tó mọ̀ pé ọkọ̀ lòun.

Òun àti Hàmídù padà dé ní ago méjì ọ̀sán. Ìyá fi ẹsẹ̀ ara wọn wọ ọkọ̀ funfun. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì wo ojú Ìyá, ó wo ọwọ́ wọn.

“Níbo lẹ ti wà láti àárọ̀?” ló bi àwọn ọmọ.

Ìyá kú ní ago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọn ò rí Mẹ́kà.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Àwọn kan ní kó gbàgbé, pé ìyá rẹ̀ ti dárí jì í kí wọ́n tó lọ, kí ló tún ń wá? Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ fún un, mo bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ kí n fi kún un fún ẹ̀yin tó ń kà á.

“Ẹ sọ fún wọn pé ìyá mi dárí jì mí,” ló wí. “Kí ẹ sì sọ fún wọn pé ìyá mi ò wọ ọkọ̀ mi.”